Apá Kẹrin Tí Kò Dé Àgùdà

"Yíyà kọ́ niṣẹ́, Fólú. Fífi ránṣẹ́ niṣẹ́."

Ọ̀rọ̀ tí Ẹ̀gbọ́n Délé fi kí mi káàbọ̀ nìyẹn lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọ́fíìsì ayàwòrán ilé kan ní Yábàá, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n ń ta gíláàsì nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ ni, mo sì rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi tí mo lè ya ilé láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé lórí kọ̀ǹpútà, kí ló tún kù tó le nínú ká fi ránṣẹ́?

Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀. Àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀: Ọ̀gá, tó ni ọ́fíìsì; Ẹ̀gbọ́n Délé, tó ti ń yàwòrán láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń fi pẹ́ńsùlù àti rúlà ṣe é; àti èmi. Àdírẹ́sì ímeèlì kan ṣoṣo la ní, orí kọ̀ǹpútà Ọ̀gá ló sì wà. Ẹni tó bá fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́ á dúró kí Ọ̀gá dìde, á wá lọ jókòó sórí àga rẹ̀ bí ọmọ tó ń jí ẹran jẹ. Ètò ímeèlì náà ní ìwọ̀n tí kì í gbé kọjá. Bí fáìlì tí a so mọ́ lẹ́tà bá ti wúwo jù, nígbà míì á kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn dáa. Èyí tó burú ni pé nígbà míì á gbà á, á máa yí, á máa yí, á ní òun ti fi ránṣẹ́, àpótí ímeèlì ẹni tó yẹ kó gbà á ló máa wá tì í padà. Nígbà tó bá yá, ìwé ìdápadà á dé, lédè òyìnbó tó le bíi ti kóòtù, pé lẹ́tà yín kò dé ibi tí ẹ rán an lọ.

Bẹ́ẹ̀ àwòrán ilé kì í fúyẹ́. Ilé kékeré lásán, ojú ìwé rẹ̀ á kún: ti ìpìlẹ̀, ti ògiri, ti òrùlé, ti iná, ti omi, ti irin tó máa wà nínú kọnkéré. Ìkọ̀ọ̀kan ní ẹrù tirẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Délé ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbà á kọjá. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó sì máa ń kùn orin sábẹ́ ètè bó bá ń ṣiṣẹ́. Ohun tí mi ò gbọdọ̀ ṣe ló kọ́kọ́ fi hàn mí. Ó mú àwòrán kan, ó fún un pọ̀, ó dín in kù títí tó fi fúyẹ́ tó láti kọjá, ó wá ní kí n ka nọ́ńbà tó ti di bàìbàì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kan.

"Mẹ́ta," mo ní.

"Mẹ́jọ ni. Ohun tó o kà yẹn sì ni bíríkìlà máa mọ."

Ó fi ọ̀nà míì hàn mí: ká gbé fáìlì náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ká wá fi líǹkì, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n á tẹ̀ kí wọ́n lè dé ibẹ̀, ránṣẹ́. Ọ̀nà yẹn dùn, àmọ́ àwọn oníbàárà wa ń sá fún un. Bàbá kan ní Múṣín pè wá lórí fóònù, ó ń gbọ̀n fún ìbínú. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí lẹ ní kí n tẹ̀ yìí? Ṣé ẹ fẹ́ wọ inú báńkì mi ni?" Ẹ̀gbọ́n Délé tọrọ àforíjì títí ẹnu fi bó o.

Ohun tó kù ni ká gé fáìlì. Ọ̀nà méjì la lè gbà gé e. Ọ̀nà àkọ́kọ́, a ó di gbogbo rẹ̀ pọ̀ bí ẹrù, a ó gé ẹrù náà sí wẹ́wẹ́, ègé kọ̀ọ̀kan á sì lọ nínú lẹ́tà tirẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá dé, kọ̀ǹpútà ẹni tó gbà á ló máa tò ó padà. Bí ègé kan bá sọnù, kò sí ìkankan tó máa ṣí. Ọ̀nà kejì, a ó kàn pín àwọn ojú ìwé sínú lẹ́tà bíi mélòó kan, ìkọ̀ọ̀kan á sì ṣí fúnra rẹ̀. Èyí rọrùn fún ẹni tó ń gbà á. Ẹ̀gbọ́n Délé kórìíra rẹ̀.

"Èyí tí kò bá ṣí rárá," ó ní, "ẹni tó gbà á á pariwo, wàá sì gbọ́. Èyí tó ṣí lábọ̀, kò ní sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni."

Bí mo ṣe ṣe é fún ọdún bíi mélòó kan nìyẹn, àwọn kan ń bú mi pé mo ń fún wọn ní iṣẹ́ àtòpọ̀, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Títí iṣẹ́ Màmá Nọ́ọ̀sì fi dé.

Màmá Nọ́ọ̀sì jẹ́ agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, àmọ́ Súrùlérè ló ti lo ayé rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ fi ilẹ̀ kan sílẹ̀ fún un ní Àgùdà kó tó kú, ó sì fẹ́ kọ́ ilé ìgbẹ̀bí síbẹ̀, alájà kan, kí àwọn aboyún àdúgbò má baà máa sáré kiri. Ìgbàkígbà tó bá wá sí ọ́fíìsì, á mú ẹ̀pà àti gúgúrú lọ́wọ́ fún wa. Ó ní ibi tí àwọn ìyá á ti máa jókòó dè gbọ́dọ̀ fẹ̀, kò fẹ́ òpó kankan láàárín rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà kọlu òpó pẹ̀lú oyún. Ọ̀gá gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí kò ti sí òpó láàárín, bíìmù, ìyẹn igi kọnkéré tó ń gbé déékì, ilẹ̀ pẹlẹbẹ kọnkéré tòkè, dúró, máa gùn gan-an, irin inú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ nípọn, kó sì pọ̀. Gbogbo ìyẹn wà nínú àwòrán. Èmi ni mo yà á.

Ẹnjiníà tó gba iṣẹ́ kíkọ́ náà ò ní sùúrù. Ó pe Ọ̀gá, ó ní òun ò ráyè nǹkan tí wọ́n ń gé tí wọ́n tún ń lẹ̀ pọ̀. Ọ̀gá yíjú sí mi.

"Fólúkẹ́, pín ojú ìwé fún un. Má fi ègé tí kì í ṣí yẹn dà á láàmú."

"Ọ̀gá, bí ọ̀kan ò bá dé ńkọ́, ẹ jọ̀ọ́? Kò ní mọ̀."

"Kí ló dé tí kò fi ní dé? Ṣe bí mo ṣe wí."

Mo pín in sí mẹ́rin. Mo kọ ọ́ sórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: apá kìíní nínú mẹ́rin, apá kejì nínú mẹ́rin, títí dé òpin. Apá kẹrin ni irin wà. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ lọ tán, mo pe Ẹnjiníà lójú Ẹ̀gbọ́n Délé.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ṣé apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wọlé?"

"Gbogbo ẹ̀ ti wọlé."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bá mi ṣí ti ìkẹrin wò."

"Mo ní gbogbo ẹ̀ ti wọlé! Ṣé o fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ mi ni?" Ó pa fóònù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọ̀gá rán mi lọ wọn ilé kan ní Múṣín. Mi ò sí lọ́fíìsì.

Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kọjá. Wọ́n da kọnkéré déékì ilé Màmá Nọ́ọ̀sì, Màmá sì fún àwọn òṣìṣẹ́ ní oúnjẹ. Nígbà tí wọ́n ní ó ti gbẹ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọn ọparun tí wọ́n fi gbé e ró. Bíríkìlà kan tó ń jẹ́ Múfú ló wà lábẹ́ ibi tí kò ní òpó. Wọ́n ní ó kọ́kọ́ dún bí ìgbà tí ènìyàn bá fa aṣọ ya, gbogbo rẹ̀ sì wálẹ̀. Àwọn yòókù sá. Ẹsẹ̀ ọ̀tún Múfú wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ọsibítù, orúnkún ni wọ́n ti gé e.

Irin tí wọ́n bá nínú bíìmù náà tín-ín-rín bíi ti yàrá lásán. Ẹnjiníà ní òun ò rí àwòrán irin kankan, òun sì lo ohun tí òun máa ń lò.

Ọ̀gá pè wá jọ sí ọ́fíìsì. Màmá Nọ́ọ̀sì jókòó, gèlè rẹ̀ ti yẹ̀, kò sì tún un ṣe. Ọ̀gá rọ ohùn rẹ̀ lẹ̀ bí ẹni tó ń kí ọlọ́fọ̀.

"Màmá, ẹ forí jì wá. Ọmọ tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ni kò fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́."

Mo ní, "Mo fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́, Màmá. Ó wà lórí kọ̀ǹpútà níbẹ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín."

"Pé o fi ránṣẹ́ kọ́ ni pé ó dé," Ọ̀gá dáhùn. "Ṣé o tẹ̀ lé e?"

"Mo pe Ẹnjiníà. Ẹ̀gbọ́n Délé gbọ́ nígbà tí mo ń pè é."

Gbogbo wa wo Ẹ̀gbọ́n Délé. Ó ń wo bàtà rẹ̀.

Màmá Nọ́ọ̀sì ò pariwo lé mi lórí. Ì bá sàn kó pariwo. Ó wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, bí a bá gbẹ̀bí, tí ọmọ wálẹ̀, tó ké, a ò tíì ní dìde. A ṣì máa dúró de ibi ọmọ. Ibi tí kò bá jáde ló ń pa ìyá." Ó dìde, ó sì lọ. Títí di òní, èmi ló mọ̀ sí ẹni tó wó ilé rẹ̀.

Orí àtẹ̀gùn ni Ẹ̀gbọ́n Délé ti lé mi bá. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Fólú, ìwé ìdápadà dé."

"Ìgbà wo?"

"Láàárọ̀ ọjọ́ tó o lọ sí Múṣín. Àpótí Ẹnjiníà ti kún, kò lè gba ti ìkẹrin. Èmi àti Ọ̀gá la jọ rí i. Mo ní ká pè é. Ọ̀gá ní ẹ̀rọ yẹn máa ń sọ ìsọkúsọ, ó sì pa á rẹ́."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ̀gbọ́n, Màmá ò tíì jìnnà. Ẹ jẹ́ ká lọ sọ fún wọn."

Ó rọra yọ ọwọ́ rẹ̀. "Mo ti dàgbà, Fólú. Ta ló máa gbà mí síṣẹ́ mọ́? Ìwọ ṣì kéré. Wàá rí iṣẹ́ míì."

Ẹnu kan náà tó kọ́ mi níṣẹ́ ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo gba iwájú àwọn onígíláàsì kọjá, mi ò padà gòkè mọ́. Àpò mi àti bàtà pẹlẹbẹ tí mo ń wọ̀ lọ́fíìsì wà níbẹ̀, mi ò lọ kó wọn. Mo sunkún dé Ìpọ̀nrí, níbi tí mo ń gbé. Ọ̀gá ò pè mí. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé òun àti Ẹnjiníà tún jọ gba iṣẹ́ míì.

Mo rí iṣẹ́ míì lóòótọ́. Mo ń yàwòrán fúnra mi báyìí nínú yàrá kan ní Ìpọ̀nrí. Bí mo bá gé fáìlì, ègé tí kì í ṣí bí kò bá pé ni mò ń lò, ẹni tí kò bá fẹ́ kó wá ẹlòmíràn lọ. Mo máa ń pè wọ́n, mo sì máa ń ní kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn lójú ìwé tó kẹ́yìn fún mi létí. Wọ́n ní mo ní wàhálà. Ẹ̀gbọ́n Délé pè mí lọ́dún tó fẹ̀yìn tì, ó ní kí n forí ji òun. Mo ní mo ti gbọ́. Ìyẹn nìkan ni mo lè sọ. Mo ń ṣiṣẹ́ tó kọ́ mi lójoojúmọ́, mi ò sì lè gbàgbé bó ṣe ń wo bàtà rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Múfú ni mi ò ní ìgboyà láti lọ. Ó pẹ́ kí n tó lọ. Etí Makoko ló ń gbé, ìyàwó rẹ̀ ń yan ẹja. Mo bá a lórí àpótí kan lẹ́bàá iná, ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́ fún un, mo sì sọ gbogbo rẹ̀: ímeèlì, ìwọ̀n, apá mẹ́rin, àpótí tó kún, ìwé ìdápadà tí Ọ̀gá pa rẹ́. Mo fẹ́ kí ẹnì kan lórí ilẹ̀ ayé yìí mọ̀ pé èmi kọ́.

Ó gbọ́ mi dé òpin. Kò bínú.

"Àǹtí," ó ní, "mi ò mọ nǹkan tí ẹ̀ ń pè ní ímeèlì yẹn. Àmọ́ ọ́fíìsì yín, ṣé Yábàá ni?"

"Yábàá ni."

"Àwa sì wà ní Àgùdà." Ó rò ó wò. "Ṣé kò sẹ́ni tó lè gbé ìwé ọ̀hún wá fún wa ni?"

Gbogbo ọ̀nà tí Ẹ̀gbọ́n Délé kọ́ mi gba ọkàn mi kọjá, fífún pọ̀, gígé, pípín.

"Ó ṣeé gbé wá, Bọ̀dá Múfú," mo ní. "Ó ṣeé gbé wá."

Ó mirí. Ìyàwó rẹ̀ bu ẹja sínú abọ́, ó gbé e síwájú mi, ó ní kí n má bínú pé kò sí nǹkan míì. Mo bù ú sẹ́nu.