Aláago àti Ìborùn Aláwọ̀ Wáìnì

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kì í pẹ́ dé ibikíbi. Ilé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́, nínú yàrá tí wọ́n ń kó káàdì àwọn aláìsàn sí. Kí aago mẹ́jọ tó lù, ó ti jókòó, ó ti tún tábìlì rẹ̀ ṣe, ó ti ń wo ẹnu ọ̀nà kó lè mọ ẹni tó máa pẹ́. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló sọ ọ́ ní Aláago. Orúkọ náà bá a délé, ó sì dùn mọ́ ọn nínú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń díbọ́n bíi pé kò fẹ́ ẹ.

Èmi àbúrò rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń gbé. Ìṣojú mi ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣe.

Lọ́dọọdún, tí ìsinmi ìparí ọdún bá ti ku ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, Aláago á lẹ ìwé kan mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Àwọn ẹ̀bùn tó máa fi òwú hun fún ẹbí ọkọ rẹ̀ ló máa ń kọ síbẹ̀, pẹ̀lú iye ọ̀sẹ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa gbà: fìlà àwọn ọmọ mẹ́rin, ọ̀sẹ̀ méjì, ìbọ̀sẹ̀ ọkọ rẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan, súwẹ́tà àbúrò ọkọ rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìborùn Màmá, ìyẹn ìyá ọkọ rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ kan tó ṣẹ́ kù, ó fi sílẹ̀ nítorí àìsàn àti àlejò. Ó ń hun nínú bọ́ọ̀sì, ó ń hun lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, tó bá sì ti parí ọ̀kan, á fi bírò pupa fagi lé e.

Ìborùn Màmá ni olórí gbogbo wọn. Lọ́jọ́ tí ẹbí bá pàdé nílé Màmá, wọ́n máa ń ya fọ́tò kan ṣoṣo. Màmá á jókòó láàárín, ìborùn tuntun á wà léjìká rẹ̀. Fọ́tò mẹ́rìnlá ló wà lára ògiri pálọ̀ Màmá, ìborùn mẹ́rìnlá, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi sì ni gbogbo wọn. Tó bá wọlé síbẹ̀, ògiri ló máa kọ́kọ́ wò kó tó kí èèyàn.

Nígbà tó yá, àbúrò ọkọ rẹ̀ gbé ìyàwó. Onídìrí ni Ìyàwó wa yìí, ọwọ́ rẹ̀ yá, inú rẹ̀ sì dáa. Aláago fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń hun nǹkan, ó sì ń fi í yangàn kiri pé, "Èmi ni mo kọ́ ọmọ yẹn o." Ìyẹn nígbà tí ọmọ náà ò tíì mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ọdún tí mò ń sọ yìí, a lọ dirun ní ṣọ́ọ̀bù Ìyàwó. Bí a ṣe wọlé, iṣẹ́ kan wà lórí itan rẹ̀, aláwọ̀ wáìnì, ojú ìhun rẹ̀ dọ́gba láti òkè délẹ̀. Kíá ló fi tówẹ̀lì bò ó.

"Kí lò ń hun, Ìyàwó?" ẹ̀gbọ́n mi bi í.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ má wò ó. Ohun ọdún ni."

"Ìborùn ni, àbí?"

"Háà, Àǹtí! Ojú yín mà mú o!" Ó bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n mi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ eyín lásán ni. Títí tí wọ́n fi dirun mi tán, tówẹ̀lì yẹn ló ń wò. Bí a ṣe jáde, ó ní, "Ìborùn Màmá ló ń hun. Ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́! Ó fẹ́ gba fọ́tò mọ́ mi lọ́wọ́." Mo ní bóyá kì í ṣe ti Màmá. Ó wò mí bíi pé mo bú u.

Ilé kọ́ la gbà lọ o. Ọ̀dọ̀ bàbá tó ń ta òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ la gbà lọ.

"Òwú aláwọ̀ wáìnì mélòó ló kù?"

"Ìdì mẹ́sàn-án. Ẹ tètè mú iye tẹ́ ẹ bá fẹ́ o. Wọn kì í rẹ ẹ́ kó jọra lẹ́ẹ̀mejì. Tí òmíràn bá dé, àwọ̀ rẹ̀ ò ní bá èyí mu."

Ó kó mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Ìdì mẹ́fà tó ìborùn Màmá, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo bi í kí ló fẹ́ fi mẹ́ta tó kù ṣe. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò, ó ní kí n gbé e.

Láti ọjọ́ yẹn ni ìwé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ti dàrú. Ó pa fìlà àwọn ọmọ tì, ó pa súwẹ́tà tì, ìborùn Màmá tó yẹ kó gbẹ̀yìn ló gbé síwájú. Owú ń jẹ ẹ́, kò sì fi bò mí. "Ọwọ́ ẹ̀ yá ju tèmi lọ," á sọ bẹ́ẹ̀ lójijì, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Bó bá ti rántí Ìyàwó, á fa òwú náà le koko. Ẹni tó bá ti hunṣọ rí mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá fa òwú rẹ̀ le máa ń sún kì ni. Mo sọ fún un. Ó ní kí n lọ fọ abọ́.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì, Ìyàwó wá sílé.

"Ẹ gbà mí, Àǹtí. Òwú mi tán, etí rẹ̀ nìkan ló kù. Bàbá olówùú ní ẹ̀yin lẹ kó o tán. Tí ìdì kan péré bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ yín..."

"Kò sí mọ́, Ìyàwó," ẹ̀gbọ́n mi ní, ojú rẹ̀ ò sì yẹ̀. "Àfi èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí."

Ìdì mẹ́ta wà nínú àpò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo mọ̀, mo sì dákẹ́. Ìyàwó dúpẹ́, ó lọ.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Ọmọ méjì rí fìlà gbà, àwọn méjì yòókù ń wo ọwọ́ wa. Súwẹ́tà kò lápá kan. Ṣùgbọ́n ìborùn Màmá parí. Màmá fi sí èjìká, ó fà á síwájú, kò pàdé láyà. Ó tún fà á. "Ó dáa bẹ́ẹ̀, ìyàwó mi," ni Màmá wí fún ẹ̀gbọ́n mi, ó sì fi ọwọ́ di ẹnu ìborùn náà méjèèjì mú.

Ẹ̀gbọ́n mi ò tiẹ̀ gbọ́. Ọ̀rá tó wà lọ́wọ́ Ìyàwó ló ń wò. Ìyàwó dìde, ó kọjá níwájú Màmá, ó kúnlẹ̀ síwájú Aláago, ó sì gbé ọ̀rá náà lé e lọ́wọ́.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, Àǹtí. Gbogbo ọdún lẹ̀ ń hun fún gbogbo èèyàn, mi ò rí ẹni tó hun fún yín rí. Ẹ má bínú sí etí rẹ̀ o. Mo wá òwú yẹn títí, mi ò rí i, ni mo bá fi pupa yìí parí ẹ̀."

Ìborùn ńlá, ó rọ̀, ó gba èjìká rẹ̀ yíká. Pupa fòò ló yí etí ìborùn aláwọ̀ wáìnì náà po. Ẹ̀gbọ́n mi fi etí ìborùn náà bo ojú. Àwọn èèyàn rò pé ayọ̀ ni. Wọ́n ya fọ́tò: Màmá di ìborùn kékeré mú láàárín, ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́yìn rẹ̀ nínú ìborùn ńlá.

Lọ́jọ́ kejì, mo bá a lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti yí ìborùn náà sódì, ó ń wá àṣìṣe nínú rẹ̀, ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn. Kò rí ọ̀kan.

"Ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ," ó ní. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ara sì ń ta á síbẹ̀. Nígbà tó yá, ó fa àpò yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó to ìdì mẹ́ta náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìborùn. Àwọ̀ wọn bára mu délẹ̀.

"Ṣé a ò lè tú etí yìí, ká fi èyí tún un ṣe?"

"Ó ṣeé ṣe," mo ní. "Àmọ́ tí Ìyàwó bá bi yín pé níbo lẹ ti rí òwú ńkọ́?"

Ó kó àwọn ìdì òwú náà padà sínú àpò, ó ta á ní kókó, ó sì tì í padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.