Oríkèé Kan Ṣoṣo Tó Kù

Ọkùnrin tó ń ta irin tí wọ́n ń kàn bọ inú egungun ènìyàn, ì bá sàn fún un kó má ní ìyá. Alápò ní ìyá ní tirẹ̀, ìyá náà sì yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ìbàdí rẹ̀ kán.

Àwọn nọ́ọ̀sì ló sọ ọ́ ní Alápò, nítorí báàgì dúdú ńlá tó máa ń gbé kọ́ èjìká káàkiri ọsibítù. Oríkèé ìbàdí onírin ló wà nínú rẹ̀, èyí tí àwọn dókítà fi ń rọ́pò egungun ìbàdí tó bá kán. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ dídùn ní í yọ obì lápò. Òǹtẹ̀ tí ọ̀gá dókítà fi ń fọwọ́ sí ìwé ọjà ni ti Alápò máa ń yọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ. Bẹ́ẹ̀dì onítáyà méjì tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níwájú rẹ̀. Ìyá àgbà kan ló wà lórí ti àkọ́kọ́, ìyá tirẹ̀ wà lórí ìkejì. Ìbàdí àwọn méjèèjì ló kán, àwọn méjèèjì ló sì kéré bí ọmọdé lábẹ́ aṣọ ìbora. Ọmọbìnrin ìyá àkọ́kọ́, aránṣọ kan tí òwú ṣì lẹ̀ mọ́ aṣọ rẹ̀, jókòó ti Alápò.

Lóṣù tó kọjá, ní ọsibítù mìíràn, Alápò dúró sí igun yàrá iṣẹ́ abẹ nígbà tí wọ́n ń fi òòlù kan oríkèé ilé iṣẹ́ rẹ̀, èyí tó kéré jù lọ, bọ inú egungun ìyá kan tí kò lára. Ó gbọ́ ìró kan: pá! Egungun náà là. Ó pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù, ọ̀gá ní, "Ọwọ́ dókítà yẹn ló wúwo. Panu ẹ mọ́." Ó panu mọ́. Ẹni tó bá ń jẹun nídìí iṣẹ́ tètè máa ń mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ mì.

Ní ọsibítù yìí, ọjà tiwọn ló kún kọ́bọ́ọ̀dù. Ilé iṣẹ́ kejì tí wọ́n jọ ń figagbága ní èyí tó tín-ín-rín ju tiwọn lọ, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo ló kù. Alápò fojú ara rẹ̀ rí i láàárọ̀ náà. Ó sá tọ nọ́ọ̀sì yàrá iṣẹ́ abẹ lọ, ó sọ fún un wúyẹ́wúyẹ́ pé kó bá òun fi ẹyọ náà pamọ́ fún màámi òun.

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. "Alápò! Ìwọ náà? Wọ́n mà ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni!"

"Ẹ ṣáà bá mi fi í pamọ́."

"Ó dáa. Àmọ́ màá sọ fún Dókítà o."

Bó ṣe padà jókòó, aránṣọ yíjú sí i. "Bùrọ̀dá, ẹ ṣeun àná o. Mi ò rí oorun sùn látìgbà tí màámi ti ṣubú. Ìgbà tẹ́ẹ sọ pé tiyín ni wọ́n máa fi sí wọn lára, tẹ́ẹ ní kò sí irú ẹ̀, ọkàn mi wá balẹ̀. Mo sùn."

Lóòótọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀ ní wọ́ọ̀dù lánàá. Ẹnu tó ti mọ́ ọjà títà kì í sinmi. Alápò rẹ́rìn-ín músẹ́. Ojú tì í, ó tún ń bínú sí aránṣọ náà pé kí ló ń dúpẹ́ fún.

Ilẹ̀kùn ṣí, wọ́n ti ìyá aránṣọ wọlé. Kò pẹ́, Dókítà yọjú, ó fa ìbomú rẹ̀ wá sí àgbọ̀n, ó fọwọ́ pe Alápò sí kọ̀rọ̀.

"Nọ́ọ̀sì ní ti ilé iṣẹ́ kejì lo fẹ́ fún ìyá ẹ. Kí ló dé?"

Irọ́ ti wà ní sẹpẹ́ lẹ́nu Alápò: kó ní ọ̀gá òun kì í fẹ́ kí òṣìṣẹ́ lo ọjà ilé iṣẹ́ fún ẹbí. Dókítà ì bá gbà á gbọ́. Èyí tó tín-ín-rín ì bá di ti màámi, ìyá aránṣọ ì bá gba èyí tó ń la egungun. Bó bá sì sọ òótọ́, ẹni tó ti wọlé ló máa gba ẹyọ kan tó kù. Ó bojú wẹ̀yìn. Aránṣọ ti kúnlẹ̀ ti bẹ́ǹṣì, ó ń gbàdúrà, ètè rẹ̀ ń mì.

"Dókítà, ẹ má fi tiwa sí èyíkéyìí nínú wọn lára," ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Èyí tó kéré jù nínú tiwa ti tóbi jù fún irú egungun wọn. Lóṣù tó kọjá, ó la ti ẹnìkan. Ojú mi ló ṣe."

Dókítà ní, "O mọ̀ pé ẹyọ kan ló kù."

"Mo mọ̀, sà."

"O sì ti lọ bá nọ́ọ̀sì pé kó bá ẹ tọ́jú ẹ̀."

Alápò ní bẹ́ẹ̀ ni. Dókítà ò pariwo, ì bá sì sàn kó pariwo. "Màmá tó ti wọlé ló ni ín. Ìyá ẹ á padà sí wọ́ọ̀dù títí òmíràn á fi dé. Mi ò fẹ́ rí báàgì yẹn níbí mọ́."

Alápò pe ọkùnrin tó ń tajà fún ilé iṣẹ́ kejì, ẹni tí wọ́n jọ máa ń ba ara wọn jẹ́ lójú àwọn dókítà. Ó bẹ̀ ẹ́ títí ohùn rẹ̀ fi há. Ọkùnrin náà ní ọ̀la lòun lè gbé e dé.

Wọ́n ti ìyá rẹ̀ padà sí wọ́ọ̀dù. Gbogbo ibi tí táyà bá ti kọsẹ̀ lára ilẹ̀ ni ìyá ń kérora.

"Ṣé wọ́n ti ṣe é tán ni?" ló bi ọmọ rẹ̀.

"Wọn ò tíì ṣe é, Màámi. Ó di ọ̀la."

Ìyá di ojú. "Ó ń dùn mí o, ọmọ mi."

Lọ́sàn-án, aránṣọ sáré wọ wọ́ọ̀dù, ó kúnlẹ̀ síwájú Alápò. "Bùrọ̀dá, wọ́n ti ṣe é tán! Màámi ti ń sọ̀rọ̀! Ọjà yín mà dára o!"

Ìyá Alápò fi ìrora rẹ́rìn-ín sí i. "Ọmọ mi ló ń tà á," ló wí. Ó wá kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Tèmi wá ńkọ́? Ta ló ní kí tèmi di ọ̀la?"

"Èmi ni, Màámi." Alápò fa àga fún aránṣọ. "Ẹ jókòó, Àǹtí. Ọ̀rọ̀ yìí kàn yín."

Ó bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tó lọ sọ fún nọ́ọ̀sì wúyẹ́wúyẹ́.