Kọ̀ǹpútà Pálọ̀ àti Tìmùtìmù Ìyá Àgbà

Láàárọ̀ Sátidé tó kọjá, nílé wa ní Ìkòròdú, Rónkẹ́ ọmọ mi gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ inú pálọ̀ sórí tábìlì, ó ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì fẹnu fẹ́ ẹ, fùú! Ẹ ò rí eruku! Funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, ó ń léfòó nínú oòrùn ojú fèrèsé bí ẹni tí kò mọ ibi tó ń lọ.

Kọ̀ǹpútà náà ti ń falẹ̀ jù. Bí o bá tàn án, o lè lọ ra búrẹ́dì ní Ìgbògbò kí o sì dé kó tó jí. Dámọ́lá, àbúrò Rónkẹ́, ti ní kí n jẹ́ ká gbé e jù nù, kí n ra láptọ́ọ̀pù fún oníkálukú, "kí kálukú lè wà ní yàrá ẹ̀." Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni kò dùn mọ́ mi. Ìdí kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ni gbogbo wa ti ń pàdé nínú ilé yìí.

Rónkẹ́ ló gbà mí. "Dádì, kò sí nǹkan tó ṣe ara ẹ̀. Mẹ́mọ̀rì ẹ̀ ló kéré."

Ìyá wọn dáhùn láti ilé ìdáná: "Bíi ti ẹni tó ni ín!"

Mo fẹ́ fèsì, ṣùgbọ́n mo sín. Mo tún sín. Kí n tó nu imú tán, iyè ti gbé mi padà sí Ẹ̀pẹ́ nígbà èwe mi, sí àgbàlá Ìyá Àgbà tó bí bàbá mi, òwú àràbà sì kún irun mi.

Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, ẹ ò mọ tìmùtìmù. Kí fóòmù tó dóde, òun la ń sùn lé: àpò aṣọ ńlá tí a ki òwú àràbà sí nínú. Ti Ìyá Àgbà fẹ̀ débi pé ó gba òun àti gbogbo àwa ọmọ-ọmọ inú ilé. Ẹsẹ̀ ẹnì kan á wà lẹ́nu ẹnì kejì, igbọ̀nwọ́ Sídí, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, á sì wà ní ìhà mi títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ibẹ̀ la ti ń gbọ́ àlọ́, ibẹ̀ la ti ń jà, ibẹ̀ náà la ti ń parí ìjà. Ṣùgbọ́n tìmùtìmù a máa gbó. Òwú á ṣù jọ, àárín rẹ̀ á jìn, gbogbo wa á sì yí wọ inú kòtò náà bí ọsàn.

Lọ́jọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àbúrò bàbá mi, Bùrọ̀dá Kàmọ́rù, ti Èkó dé. Ó ní òun á ra fóòmù fún ìyá òun, kí wọ́n sun tìmùtìmù náà níná. Ó fi ọwọ́ júwe fífẹ̀ fóòmù náà fún wa. Ẹnì kan péré ló gbà.

"Àwọn ọmọ ńkọ́?" ni Ìyá Àgbà bi í.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ sùn lọ́dọ̀ àwọn ìyá wọn. Wọ́n ti ń dàgbà."

Èmi àti Sídí wo ara wa. Bí fóòmù bá wọlé, àwa jáde nìyẹn.

Sídí ló lọ kúnlẹ̀. Ó ní a ó wá òwú tuntun. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín: "Bí ẹ bá rí èyí tó kún un kí Kàmọ́rù tó gbé fóòmù rẹ̀ dé, a jẹ́ pé kò sẹ́ni tó máa sun nǹkan kan."

La bá gba ìdí igi àràbà lọ. Èso rẹ̀ ti gbẹ, ó ti ń là fúnra rẹ̀, a sì ń ṣà á sínú agbọ̀n. A tú ẹnu tìmùtìmù, a da òwú àtijọ́ sórí ẹní nínú oòrùn, a wá ń fi ọ̀pá lù ú kó lè tú. Atẹ́gùn ọ̀sà la ò rántí. Wúù ló fẹ́ lẹ́ẹ̀kan, òwú bá gbéra: ó bà sórí wa, ó bà sórí ewúrẹ́, ó bà sórí ìkòkò ọbẹ̀. Apẹja kan tó ń kọjá dúró, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún wa. "Ẹ kú ọjọ́ orí o, ẹ̀yin àgbà!" Sídí, tí orí rẹ̀ funfun báláú, ní, "Ọmọ mi, ṣé dáadáa lo jí?" Ẹ̀rín pa Ìyá Àgbà títí ó fi jókòó sílẹ̀.

A lé òwú kiri títí a fi kó o padà. Ìyá Àgbà rán aṣọ tuntun bò ó. Nígbà tí Bùrọ̀dá Kàmọ́rù gbé fóòmù dé, tìmùtìmù ti wú bí ẹni tó jẹun yó. Ó ní òun kàn fẹ́ fẹ̀yìn lé e díẹ̀ kí òun wò ó. Wọ́n pe ìrun Alásárì, ó ṣì ń hanrun. Fóòmù di ti àlejò, àwa kò sì kúrò ní yàrá.

Eruku kọ̀ǹpútà tó wà nílẹ̀ ní pálọ̀ ńkọ́? Rónkẹ́ ti nù ún. Ó fi mẹ́mọ̀rì tuntun, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka ọwọ́, kún ti tẹ́lẹ̀, ó sì pààrọ̀ ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ pa mọ́ sí. Dámọ́lá dúró tì í, ó ń yọ ṣùtì: "Arúgbó tí ẹ wọ ṣòkòtò tuntun fún, ṣé ó máa wá sáré ni?" Rónkẹ́ dé ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà padà. Ó tẹ bọ́tìnì. Kí Dámọ́lá tó pa ẹnu dé, ojú kọ̀ǹpútà ti mọ́lẹ̀ kedere. Ariwo tí a pa mú ìyá wọn sáré jáde pẹ̀lú ọmọrogùn lọ́wọ́.

Ayé ti yí. Ìyá Àgbà ti sùn. Sídí ń ta ìrẹsì ní Ìmọ̀tà, orí fóòmù lòun náà ń sùn báyìí, mi ò sì bá a jà. Ohun tí a ń sùn lé lè yí padà, ohun tí a fi ń ṣiṣẹ́ náà lè yí padà. Ṣùgbọ́n mo gbà pé ó yẹ kí nǹkan kan wà nínú ilé tí kò ṣeé lò láì fún mọ́ ara wa.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo wẹ̀ tán, mo wọ pálọ̀, mi ò ríbi jókòó. Wọ́n ti to àga yí kọ̀ǹpútà ká, Dámọ́lá ló sì wà láàárín gbùngbùn. Kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

"Dádì, ẹ lọ gbé àga tiyín wá."

Mo lọ gbé e.