Ohun Tí Mo Bá Nínú Kọ̀ǹpútà Ọkọ Mi

Ọmọ wa kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn nígbà tí mo mọ̀ pé ọkọ mi ní ohun kan tó ń bá jà. Ìgàndò là ń gbé nígbà yẹn, nínú ilé oníyàrá méjì kan lẹ́yìn ọ̀nà tó lọ sí Ìkòtún. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní iléèwé aládàáni kan ní Ẹgbẹ́dá. Ọkọ mi ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, níbi tó ti ń bá àwọn èèyàn tẹ ìwé lórí kọ̀ǹpútà, tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì, tó sì ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú àti ti ìgbéyàwó. Lọ́jọ́ Àìkú, òun ló ń kọ́ kíláàsì àwọn ọ̀dọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Kì í mutí, kì í jà, bó bá sì ti ti ṣọ́ọ̀bù, ilé ló ń bọ̀ tààrà. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì máa ń sọ fún mi pé, "Ìwọ lo rí ọkọ fẹ́ jàre." Èmi náà á rẹ́rìn-ín, torí mo gbà bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, íǹkì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ tán. Ó ní òun fẹ́ lọ rà á ní Ìkẹjà, kí n bá òun jókòó sí ṣọ́ọ̀bù. Mo pọn ọmọ, mo lọ. Kò pẹ́ tí obìnrin kan tó wọ aṣọ dúdú wọlé. Ó fẹ́ wo ìwé ètò ìsìnkú ìyá rẹ̀, bóyá orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ pé síbẹ̀. Mo mọ kọ̀ǹpútà lò díẹ̀, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Mo ṣí ibi tí mo rò pé ó wà, fíìmù kan sì bẹ́ jáde. Mo dúpẹ́ pé ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà ló kọjú sí oníbàárà. Mi ò ní ròyìn ohun tí mo rí. Àwọn tó wà ní ìhòòhò ni, ìyẹn náà tó. Mo fẹ́ pa á, òmíràn tún ṣí. Mo kúkú fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri.

"Ẹ má bínú, mà," ni mo sọ fún obìnrin náà, "iná ti lọ."

Fáànù ń yí lókè orí wa. Obìnrin náà gbójú sókè wò ó, ó wá wo ojú mi, ó sì rọra ní, "Kò burú. Màá padà wá."

Mi ò pe ọkọ mi lórí fóònù. Mo fún ọmọ lóúnjẹ, mo ṣe fọ́tòkọ́pì fáwọn tó wá ṣe é, mo gba owó, mo fún wọn ní ṣéńjì. Nígbà tó dé, oòrùn ò tíì wọ̀. Ó gbé páálí íǹkì sílẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ kú ìjókòó o."

"Kí ló wà nínú kọ̀ǹpútà yìí?"

Ó rí wáyà tí mo fà yọ. Ó ní, "Oníbàárà kan ló mú fúláàṣì wá. Ó jọ pé ibẹ̀ ló ti wọlé."

"Ò ń parọ́ fún mi."

Látìgbà tí a ti fẹ́ra, "ẹ" ni mo máa ń fi bá a sọ̀rọ̀, bí ìyá mi ṣe kọ́ mi. Ọjọ́ yẹn ni "o" kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi sí i. Àwa méjèèjì ló gbọ́ ọ, kò sì bínú. Bí kò ṣe bínú yẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé òótọ́ ni mo sọ. Ó tó oṣù mélòó kan kí n tó tún lè máa pè é ní "ẹ" láìfi ipá ṣe é.

Lọ́jọ́ kejì, ó wọ kóòtù rẹ̀, ó lọ kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Bíbélì. Aṣọ kọ́tìnì lásán ló wà láàárín kíláàsì wọn àti tàwa obìnrin, nítorí náà mo ń gbọ́ ọ. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà dá lórí ọkàn mímọ́. Ohùn rẹ̀ ò yí padà rárá. Ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ó gbàdúrà, wọ́n ṣàmín. Ohùn tí kò yí padà yẹn dùn mí ju fíìmù lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí a jẹun tán, tí àwọn ọmọ sùn, ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní pálọ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí àga.

"Kì í ṣe oníbàárà," ó ní.

Mo rọra ti ilẹ̀kùn yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn sí.

"Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ ní Ìdímù ni. Bí ọ̀gá bá ti jáde, àwa ọmọṣẹ́ á máa wo búlúù fíìmù. Àwọn yòókù dàgbà, wọ́n fi sílẹ̀. Èmi ò lè fi í sílẹ̀. Mo rò pé bí mo bá ti gbéyàwó, ó máa tán."

"Ṣé kò wá tán?"

"Ó tán fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó o lóyún àkọ́kọ́ ló padà dé. Mo ti gbààwẹ̀. Mo ti pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ láìmọye ìgbà. Ó tún máa ń padà."

Ó ń sunkún. Èmi ò sunkún. Ojú ọ̀run ń ṣú, mo sì dìde lọ ká aṣọ àwọn ọmọ lórí okùn. Ìta yẹn, láàárín aṣọ tútù, ni mo ti rò ó fún ìgbà àkọ́kọ́ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi ni mi ò tó.

Èrò yẹn bá mi gbé fún ìgbà pípẹ́. Mo ti bímọ méjì, ikùn mi ti yàtọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ aṣọ nínú balùwẹ̀, kó má baà rí mi. Bó bá fọwọ́ kàn mí, mo máa ń bi ara mi pé ta ló wà lọ́kàn rẹ̀. Mo lọ bá ìyàwó pásítọ̀ wa, mo sọ fún un. Ó fetí sí mi títí mo fi sọ̀rọ̀ tán, ó gbàdúrà fún mi, ó wá ní kí n máa múra sí ọkọ mi, kí n má máa fi aṣọ tí mo fi se ọbẹ̀ wọlé sùn. Ire ló ní lọ́kàn. Mo ra aṣọ ìsùn tuntun kan ní Ẹgbẹ́dá, aṣọ pupa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Mo wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo wo ara mi nínú dígí, ó sì ṣe mí bíi pé mo ń bá àwọn obìnrin inú fíìmù yẹn díje, nínú ìdíje tí ẹnikẹ́ni ò bi mí bóyá mo fẹ́ kópa. Mo bọ́ ọ, mo fi sí ìsàlẹ̀ àpótí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá di ọlọ́pàá ọkọ mi. Tí iléèwé bá ti jáde, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni mo ń gbà lọ. Nígbà yẹn, fóònù tó ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ gbogbo èèyàn, tòun náà sì wà lára wọn. Bó bá wà níbi tó ti ń wẹ̀, mo ti gbé fóònù rẹ̀. Bó bá pẹ́ ní balùwẹ̀, mo ti kan ilẹ̀kùn. Mo rù. Ọmọ kíláàsì mi kan dúró níwájú mi lọ́jọ́ kan, ó ń pè mí ní àǹtí, àǹtí, mi ò gbọ́ títí ó fi fa aṣọ mi.

Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló mú ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ bàbá díákónì àgbà kan nínú ìjọ wa, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé ní Ìdímù. Bàbá ní kó mú mi wá lẹ́yìn ìsìn. A jókòó ní pálọ̀ wọn, ọkọ mi sì tún gbogbo rẹ̀ sọ lójú mi. Bàbá ò pariwo lé e lórí.

"Kọ̀ǹpútà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù," ó béèrè, "ibo ló kọjú sí?"

"Ògiri ẹ̀yìn, sà. Ibi tí mo jókòó sí."

"Lọ yí i padà. Kó kọjú sí títì, kí ẹni tó ń kọjá lọ ra búrẹ́dì máa rí ohun tó ò ń ṣe."

"Àdúrà ńkọ́, sà?"

"A máa gbàdúrà. Àmọ́ kọ́kọ́ lọ yí kọ̀ǹpútà."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ó yà mí lẹ́nu pé mo ṣì lè rẹ́rìn-ín. Bàbá ní kó gbé fóònù yẹn sílẹ̀, kó lo kékeré tí kò ní ju ìpè lọ, kó sì máa wá rí òun lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ pè mí sí ilé ìdáná, ó kó ẹ̀gúsí síwájú mi pé kí n bá òun bó o.

"Ìgbà wo lo sùn dáadáa gbẹ̀yìn?" Màmá bi mí.

"Mi ò rántí, mà."

"Gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà lára ẹ̀ kó tó fẹ́ ọ. Kì í ṣe ara ẹ ló fà á, kì í sì í ṣe ara ẹ ló máa wò ó sàn. Fi iṣẹ́ ọlọ́pàá yẹn sílẹ̀. Bàbá á máa bi í ní ìbéèrè."

"Tó bá wá ń parọ́ fún Bàbá ńkọ́, mà?"

"Á parọ́ fún un nígbà míì." Ó da èèpo ẹ̀gúsí sínú abọ́. "Ọ̀mùtí ni mo fẹ́. Èyí tó wà ní pálọ̀ yẹn náà ni. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń gbóòórùn ẹnu ẹ̀ nígbà yẹn. Ọjọ́ tí mo jáwọ́ nínú ẹ̀, òun kọ́ ni ara ẹ̀ yá lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni."

Mo wá sunkún níbẹ̀. Màmá ń bó ẹ̀gúsí tirẹ̀ lọ, kò ní kí n dákẹ́.

Nígbà tí a délé, mo sọ tẹnu mi fún ọkọ mi. Mo ní mi ò ní lọ, ṣùgbọ́n pálọ̀ ni kó máa sùn títí ara mi á fi balẹ̀. Mo ní mi ò ní tú fóònù rẹ̀ mọ́, àmọ́ tí mo bá tún gbọ́ irọ́, èmi àti àwọn ọmọ á lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Òkè-Odò. Ó gbà. Ó yí kọ̀ǹpútà náà padà. Ó sì lọ bá pásítọ̀ pé òun ò lè kọ́ àwọn ọ̀dọ́ mọ́. Ìyẹn dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Àwọn kan ní ó fẹ́ fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, àwọn kan ní èmi ni mo ní kó má ṣe é mọ́. Mo jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan lásìkò òjò, mò ń ṣa ẹ̀wà ní ẹ̀yìnkùlé. Ó gbé àpótí ìjókòó wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Mo tún ti wò ó," ó ní.

Ọwọ́ mi dúró sínú ẹ̀wà. "Nígbà wo?"

"Lánàá. Ní Ṣàṣà, níbi tí mo ti lọ bá àwọn kan tún kọ̀ǹpútà wọn ṣe. Wọ́n fi mí sílẹ̀ lémi nìkan."

"Ṣé Bàbá ti mọ̀?"

"Rárá. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ ń sọ fún."

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ da ẹ̀wà náà sílẹ̀. Mo sì tún rí i pé kò sẹ́ni tó ká a mọ́bẹ̀. Ká ní kò sọ ọ́ ni, mi ò ní mọ̀ títí láé. Mo ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ sọ fún mi. Mi ò tíì lè sọ nǹkan míì báyìí." Ó mi orí pé ó yé òun. Kò dìde. Ó fa díẹ̀ lára ẹ̀wà náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi ṣà á. Kò mọ̀ ọ́n ṣà. Gbogbo wa la rún òkúta lọ́jọ́ náà, àkọ́bí wa sì ń béèrè pé ta ló ṣa ẹ̀wà yìí.

Láti ọ̀sán yẹn ni ọkàn mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà sọ́dọ̀ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Kí Kérésìmesì tó dé, ó ti padà sí yàrá. Ó tún ṣubú lẹ́yìn ìyẹn, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Òun ló máa ń wá sọ fún mi, àárín ìgbà kan sí èkejì sì túbọ̀ ń jìn síra. Nígbà tí pásítọ̀ ní kó padà sí kíláàsì, ó ní rárá. Dípò ìyẹn, òun àti àwọn ọkùnrin mélòó kan tí irú nǹkan yìí ń bá jà máa ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn, wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, wọ́n á bára wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tí èmi náà ti máa ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ rí pé òun ló rí ọkọ fẹ́. Mo máa ń gbé omi fún wọn, mo sì máa ń jáde.

Láìpẹ́ yìí, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́kọ nínú ìjọ wa dúró dè mí lẹ́yìn ìsìn. Ó ti rí nǹkan lórí fóònù ọkọ rẹ̀, ẹnì kan ló sì ní kó wá bá mi. Mo gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tó parí, ó bi mí pé, "Ẹ̀yin ńkọ́, mà, ṣé ẹ ti dárí jì í?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ àwọn ọjọ́ kan wà tí mo ní láti tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀."

Ó di ọwọ́ mi mú. A jọ jókòó lórí bẹ́ńṣì títí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì fi wá bẹ̀ wá pé ká dìde.