Ọwọ́ Bàbá Mi Lórí Sípíkà

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe ń wà níbì kan tí kò sì sí níbẹ̀, ẹ lọ máa ta gìtá béèsì nínú ẹgbẹ́ olórin tí kò ní jẹnẹrétọ̀ gidi. Mo ṣe é fún ọdún mélòó kan ní Ṣómólú àti Bàrígà, nígbà tí àwọn ṣọ́jà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba lé àwọn alágbádá lọ́wọ́, mi ò sì tíì rí iṣẹ́ mìíràn tó jọ ọ́. Akọrin ni àwọn èèyàn ń wò. Onílù ni wọ́n ń jó sí. Ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ni àwọn ọmọge ń bi pé ibo ló ń gbé. Èmi, wọ́n á ní kí n sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n lè ráyè gbé kúlà mínírà kọjá.

A kì í ṣe olórin gidi, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Télọ̀ ni olórí wa, ní Bàrígà, inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ la sì ti máa ń dánra wò láàárín àwọn àjákù aṣọ. Ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ń tún rédíò ṣe. Èmi ń gé ìwé nílé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú. Lásìkò ìbò, pósítà ń jáde tọ̀sán-tòru, gbogbo àdúgbò ń rùn fún yíǹkì, a rò pé ayé ti fẹ́ dáa. Wọ́n ní iná máa dúró. Ìbò parí, àwọn tó wà lórí pósítà wọlé, iṣẹ́ wa sì dá wáí. Iná ò dúró. Òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló kù tí mo lè fojú sọ́nà fún, nítorí ìgbà náà la máa ń lọ ṣeré níbi ìsọmọlórúkọ, níbi ìṣílé, àti níbi ọjọ́ ìbí àwọn tí agbára wọn ò ká olórin tó lórúkọ.

Jẹnẹrétọ̀ olórí wa kéré débi pé ọwọ́ kan la fi ń gbé e. Tí a bá ti so máìkì, kíbọ́ọ̀dù, gìtá olórí wa àti béèsì mọ́ ọn, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbin bí ẹni tí ikọ́ ń dà láàmú. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ohun kan wà tí a máa ń ṣe láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. A ó yọ béèsì. Olórí wa so àkísà pupa mọ́ wáyà mi níbi tó ti wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, kó lè rọrùn láti rí. Ìdí ẹsẹ̀ ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ni sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn máa ń wà, òun ló sì ń yọ ọ́. Á bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, á fà á, á ti padà sórí orin kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ṣùgbọ́n èmi ò gbọdọ̀ dúró. Olórí wa ní tí mo bá dúró, àwọn tó pè wá á rò pé nǹkan ti bàjẹ́. Nítorí náà, ìka mi á máa rìn lórí okùn, èmi nìkan ni mo sì máa ń gbọ́ ọ, tí mo bá tẹ́tí dáadáa.

Ó ń dùn mí wọnú eegun. Lọ́jọ́ kan tí mo sọ ọ́ fún olórí wa, kò bínú, ó kàn bi mí pé, "Ta ló ti béèrè béèsì rí?" Mo ronú títí, mi ò rí ẹnì kankan dárúkọ.

Àfi bàbá mi. Ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni bàbá mi lo ayé rẹ̀ sí, nílé ìtẹ̀wé kan lọ́nà Onípánù, ariwo ẹ̀rọ yẹn ló sì jẹ ẹ́ létí. Nígbà tí mo fi máa gbọ́n, kì í gbọ́ ohun tí èèyàn ń sọ àfi tó bá wo ẹnu onítọ̀hún, òun fúnra rẹ̀ a sì máa pariwo sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹ̀rọ ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ́. Tó bá ti gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara ẹ̀rọ, ó ti mọ̀ bóyá ó ń ṣe déédéé, ó sì ti mọ̀ bóyá ó ń wá epo. Ohun kejì tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí ni pé kì í yin iṣẹ́ tí kò dáa. Ìbáà ṣe káàdì ìgbéyàwó ọmọ ọ̀gá rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀, tí lẹ́tà bá ti ṣú lápá kan, á ní, "Kò jáde." Kò ní fi nǹkan kan kún un. Nígbà tí mo wà nílé ìwé, mo ń mú èsì ìdánwò mi wá bá a, á wò ó lọ wò ó bọ̀, á dá a padà fún mi, á ní kò jáde.

Gìtá nìkan ni tèmi. Sípíkà àti ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn rẹ̀ jáde, Bàrígà ni wọ́n ń gbé, lọ́dọ̀ olórí wa. Nílé, nínú yàrá kan tó ku èmi àti bàbá mi nìkan lẹ́yìn ikú ìyá mi, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo máa ń jókòó sí tí mo ń fi ìka wá ọ̀nà orin láìsí ohùn kankan. Bàbá mi á máa wò mí láti orí àga rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé báwo ló ṣe máa ń dún. Ẹ wo ìbéèrè. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ ṣàlàyé béèsì fún ẹni tí kò gbọ́ràn? Mo mú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, mo gbé e lé àyà òun fúnra rẹ̀, mo wá fi ìkúùkù lu ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́jẹ́ bí orin ṣe ń lọ. Ó ronú sí i. Ó ní, "Bí ẹ̀rọ ńlá." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Inú rẹ̀ dùn, ó ní òun máa wá síbi tí a ti ń ṣeré lọ́jọ́ kan, òun á sì gbé ọwọ́ lé e.

Ọjọ́ ń lọ, kò wá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, àtẹ̀gùn ilé wa di ogun fún un, ló bá ní òun ń padà sí ìlú wa ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ní òun máa wá mú un lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ní Sátidé tó ṣáájú Mọ́ńdè yẹn, ilé ìtẹ̀wé tó ti ṣiṣẹ́ fẹ́ ṣe fíríìdọ́mù fún àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ti parí ẹ̀kọ́, wọ́n sì pe bàbá mi pé kó wá gbàdúrà fún wọn gẹ́gẹ́ bí àgbà. Mo lọ bẹ olórí wa títí tó fi gbà pé ká wá ṣeré níbẹ̀. Mo mọ̀ pé tí kò bá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kò tún ní ṣẹlẹ̀ mọ́ láéláé. Mi ò wá òkìkí, mi ò wá ìyìn. Mo kàn fẹ́ kí bàbá mi gbé ọwọ́ lé sípíkà, kó mọ̀ pé nǹkan ń jáde látọwọ́ mi.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo lọ bá olórí wa ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní fáànù onídùúró kan tó máa ń gbé dání lọ síbi eré, nítorí òógùn. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, tí jẹ́ẹ̀nì bá fẹ́ ṣe wàhálà lọ́la, fáànù yín ni kí wọ́n yọ. Bàbá mi ń bọ̀."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Kí n wá kú sórí orin, àbí?" Ó rẹ́rìn-ín. "Kò sí wàhálà. Tìẹ ni ọ̀la."

Òun fúnra rẹ̀ ló tú àkísà pupa kúrò lára wáyà mi, ó sì so ó mọ́ ti fáànù. Ó pe ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, ó fi hàn án. Ìyẹn ní, "Nó wọ̀rí, bọ̀dá, mo ti rí i." Mo sùn dáadáa.

Iná wà nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé náà. Béèsì ń jáde débi pé àwọn ife ń gbọ̀n lórí tábìlì. Ṣùgbọ́n bàbá mi wà lọ́dọ̀ àwọn àgbà lọ́hùn-ún, lábẹ́ kánópì kejì, wọ́n ò sì tíì gbàdúrà. Mo ń wò ó. Ó wọ aṣọ tó máa ń wọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí orúnkún. Nígbà tó gbàdúrà tán, ó dìde, ó gbé àga rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó la àárín èrò kọjá pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú, ó wá gbé àga náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà mi. Kò tíì jókòó tán tí iná fi lọ.

Wọ́n fa jẹnẹrétọ̀. A bẹ̀rẹ̀ orin tí wọ́n fi ń pe àwọn ọmọ náà jáde. Bàbá mi gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí sípíkà, ó wò mí, ó mi orí pé kí n máa bá a lọ. Ibi tí mo ti fẹ́ ta okùn àkọ́kọ́ ni jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbin.

Ojú ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù wà lára ọ̀gá tó ń sọ̀rọ̀ nínú máìkì. Ọwọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó sì lọ síbi tó ti máa ń lọ. Kò wo àkísà pupa kankan. Iná kékeré tó wà lára ẹ̀rọ mi kú. Fáànù ń yí, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ̀wù olórí wa.

Mo pe ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, kò gbọ́. Mo lè yọ fáànù yẹn kí n sì ki tèmi bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo ti gbé ẹsẹ̀ pàápàá. Olórí wa rí mi, ó mi orí pé rárá. Ìyá ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ pè ti gba máìkì, ó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń sunkún, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ ọmọ rẹ̀ níṣẹ́. Tí jẹnẹrétọ̀ wa bá ti rí ọ̀nà mí, kì í fẹ́ kí wọ́n tún fọwọ́ kan wáyà kankan. Tó bá kú báyìí, ọ̀rọ̀ ìyá yẹn á já sí méjì lójú gbogbo èèyàn. Mo gbé ẹsẹ̀ mi padà. Inú bí mi sí fáànù, sí jẹnẹrétọ̀, sí ìyá oníyàá tó ń sunkún ayọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, bàbá ọmọ kejì gba máìkì, òun náà sì ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ.

Bàbá mi dúró kí nǹkan dé ọwọ́ òun. Ó la ìka rẹ̀ sí i. Ó sún àtẹ́lẹwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó tún sún un sí ìsàlẹ̀, bó ṣe máa ń wá ibi tí ẹ̀rọ ti ń gbọ̀n. Ó gbé ọwọ́ kejì lé e. Lẹ́yìn náà, ó gbé ojú sókè, ó wo ìka mi.

Mi ò dúró. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo ta á bí mi ò ṣe ta á rí, okùn ń jẹ mí níka. Nígbà tó ṣe, orí bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè sódò. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo ní bóyá ẹnì kan ti tún ki wáyà mi bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo wo iná kékeré yẹn, ó ṣókùnkùn. Ni mo bá dán bàbá mi wò. Mo yára, orí rẹ̀ yára. Mo dá ìka dúró, orí rẹ̀ dúró. Ojú ló fi ń bá mi lọ. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ò kúrò lórí àpótí tó ti kú yẹn títí tí ètò fi parí.

Ẹsẹ̀ la fi rìn délé, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká. A dé ẹnu ọ̀nà ilé wa. Ibẹ̀ ló ti dúró, ó sì sọ ọ́ pẹ̀lú ariwo rẹ̀ yẹn, tí àwọn tó ń kọjá fi wẹ̀yìn.

"Ó jáde."

Mo wo ẹnu rẹ̀. Ó tún ní, "Ó jáde dáadáa."

Mo kọjú sí i kó lè rí ètè mi, mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Mo gun òkè lọ ṣáájú rẹ̀, mo ní mo fẹ́ lọ ṣílẹ̀kùn. Ẹkún ni mo lọ sun.

Ó lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo tú àkísà pupa kúrò lára wáyà fáànù, mo so ó padà mọ́ tèmi, kò sì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ sí i. Ẹgbẹ́ wa fà á títí, ó tú. Ilé ìtẹ̀wé tí mo ti ń gé ìwé tì pa. Bàbá mi ò padà wá sí Èkó mọ́.

Níbi ìsìnkú rẹ̀ ni àbúrò rẹ̀ obìnrin ti wá jókòó tì mí. Ó ní, "Gbogbo ẹni tó bá wá kí i ló ń sọ orin rẹ fún. Ó ní òun gbé ọwọ́ òun lé e lọ́jọ́ náà. Ó ní ńṣe ló ń mì bí ẹ̀rọ ńlá. Ṣé lóòótọ́ ni?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ń mì."