Àṣekágbá Tí Ọmọ-ọmọ Ọ̀rẹ́ Mi Gbá

Nígbà tí èmi tí ẹ ń wò yìí ṣì kéré, ní agboolé wa ní Bẹẹrẹ, ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ni mo ní, ọmọ káfíńtà ẹ̀yìnkùlé wa. Àwa méjèèjì ga ju ẹgbẹ́ wa lọ. Nígbà tí tíṣà kọ́ wa ní bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, èmi ni mo mọ̀ ọ́n gbá jù. Ọ̀rẹ́ mi kàn máa ń sáré kiri ni.

Wọ́n wá ṣa àwọn ọmọbìnrin tí yóò gbá a fún ìpínlẹ̀, wọ́n sì mú àwa méjèèjì. Bàbá mi wo ṣòkòtò péńpé tí wọ́n fún mi, wọ́n ká a, wọ́n dá a padà fún tíṣà.

"Ọmọ tèmi ò ní ṣí itan kiri ìgboro."

Ọ̀rọ̀ parí. Bàbá ọ̀rẹ́ mi ní tiwọn ra bàtà fún un. Bọ́ọ̀lù yìí ló gbé e dé òkè òkun, tó lọ́kọ, tó bímọ síbẹ̀. Ó máa ń pè mí, mo sì máa ń dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ìlú tó bá dárúkọ, ọkàn mi á ní èmi ló yẹ kí n wà níbẹ̀.

Lọ́dún yìí, ẹgbẹ́ tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù fún wà lára ẹgbẹ́ mẹ́rin tó kù nínú ìdíje àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù. A wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Nínú eré tó ṣáájú àṣekágbá, ọmọ náà ń ju bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń ju ẹ̀pà sẹ́nu. Àwọn ará ilé ń pàtẹ́wọ́. Mo ní kí wọ́n dín ariwo kù, pé orí ń fọ́ mi.

Lọ́jọ́ àṣekágbá, mo ń bẹ Ọlọ́run kí wọ́n pàdánù. Wọ́n sì pàdánù. Ọmọ náà fi aṣọ bojú, ó ń sunkún. Kò pẹ́ tí ọ̀rẹ́ mi fi pè.

"Ṣé o rí wa?"

"Mo rí yín. Ẹ kú ìrọ́jú."

"Gbogbo ará ilé mi ti bá ọmọ lọ síbi ìdíje. Èmi nìkan ló kù sílé. Jọ̀ọ́, sọ̀rọ̀ Bẹẹrẹ fún mi."

Mo sọ ọ́ títí ohùn rẹ̀ fi rọlẹ̀.

Lóde òní, bàbá ló ń fi ọ̀kadà gbé ọmọbìnrin rẹ̀ tó wọ péńpé lọ sí pápá nítòsí Mápó, á sì dúró tì í. Mo máa ń ṣàdúrà fún wọn. Ayé ti yí padà, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má bi mí bóyá ó ń dùn mí. Ó ń dùn mí.