Ẹ̀rọ Tó Ń Pè Mí Ní Ọ̀pẹ

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìṣirò kan tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ bú mi fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Kétu, àárò èébú náà ló sì ń sọ mí.

Olùkọ́ ìṣirò ni mí. Ẹ̀rọ náà, kalikulatírìsì tí mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, jẹ́ irú èyí tí èèyàn lè kọ ètò sínú rẹ̀, kó máa dá ṣe ohun tí a bá ní kó ṣe. Àwọn ẹlòmíì kọ́ tiwọn ní ìṣirò. Èmi kọ́ tèmi ní ayò. Nọ́ńbà ló dúró fún ọmọ ayò. Mo gbé e lọ fún Ẹ̀gbọ́n Sùlé, àgbà olùkọ́ tó kọ́ mí bí wọ́n ṣe ń dúró níwájú kíláàsì, tí ẹnikẹ́ni kì í pa láyò lábẹ́ máńgòrò iléèwé wa. Ó pa ẹ̀rọ náà láyò, ó dá a padà.

"Àbúrò, odi lo bí yìí."

"Ṣebí ó ń ta ayò, Ẹ̀gbọ́n?"

"Ta ló wá ń bú ọ̀pẹ?"

Òótọ́ ni. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í panu mọ́ ta ayò. Ẹni tó ń jẹ ni ọ̀ta, ẹni tí wọ́n ń jẹ ni ọ̀pẹ, ọ̀ta sì lè bú ọ̀pẹ bó ti wù ú, ì báà jẹ́ bàbá ìyàwó rẹ̀. Mo fi bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ han Ẹ̀gbọ́n, ó gbé e lọ sílé ní Idigny, ó fi èébú kún inú rẹ̀ dẹ́múdẹ́mú. Láti ìgbà náà, bí ẹ̀rọ bá ti jẹ mí, ọ̀kan á yọ lójú rẹ̀: "Ọ̀pẹ, lọ fọ abọ́." N kì í mọ èyí tó ń bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n fẹ̀yìn tì, ó sì kú. Èmi àti ẹ̀rọ la jọ ń jókòó ní yàrá olùkọ́ lásìkò ìsinmi, èmi nìkan ni n ó máa rẹ́rìn-ín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Mo pààrọ̀ píìlì, bátìrì tó ń tàn án. N kò mọ̀ pé píìlì kékeré tó ń ṣọ́ ohun tí a kọ sínú rẹ̀ nígbà tí a bá yọ ti ńlá ti kú tipẹ́. Nígbà tó tàn, òfìfo ni. Ayò lọ, èébú lọ.

"Ayò wà lórí fóònù, Ẹ̀gbọ́n," ọ̀dọ́ olùkọ́ kan ló ń tù mí nínú.

"Ṣé ẹ̀rọ lo rò pé mò ń bá ta?"

Mo lè tún ayò kọ. Mo lè tún èébú tí mo rántí kọ. Ṣùgbọ́n ta ló máa fi èyí tí n kò retí bú mi?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gun alùpùpù lọ sí Idigny láti sọ fún ìyàwó Ẹ̀gbọ́n. Màmá ń bó ẹ̀gẹ́. Ó gbọ́ mi dópin, kò kí mi kú ìrọ́jú. Ó nu ọwọ́, ó gbé ọpọ́n ayò jáde, ó ní kí n jókòó. Kò pẹ́ tó fi jẹ mí.

"Ọ̀pẹ, lọ fọ abọ́."

Mo gbójú sókè. "Màmá, níbo lẹ ti gbọ́ ọ?"

"Gbọ́ kẹ̀? Ta lo rò pé ó ń fi bú ẹ̀gbọ́n rẹ nínú ilé yìí?"

Ó tún jẹ. Ó tún bú mi. N kò gbọ́ ìyẹn rí.